Ilé Ìsìn Tí Wọn Kò Ti Bi Mí Léèrè Ohun Tí Mo Gbà Gbọ́

Ní oṣù Kẹta ọdún 2018 ni ìyá tó bí ìyá mi jáde láyé ní agbo ilé wọn nítòsí Ọjà Ọba ní Ìbàdàn. Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, àwọn àfáà ti kírun sí wọn lára, a sì ti sin wọ́n ní ìlànà ẹ̀sìn Mùsùlùmí tí wọ́n fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn ṣe. Èmi wà ní Manchester, lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Orí fóònù ni mo ti gbọ́, nínú yàrá kékeré tí a ń kó oògùn sí, mo sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ara mi kí àwọn aláìsàn má baà gbọ́ ẹkún mi.

Ìyá Àgbà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Kristẹni ni bàbá mi, ọmọ ìjọ Áńgílíkà paraku tó fi ọdún 34 tẹ dùùrù nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà ni èmi àti àwọn àbúrò mi ti máa ń lo ọlidé, bí a bá sì wà lọ́dọ̀ wọn, àwọn fúnra wọn ni wọ́n máa ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ aṣọ tí a ó wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Wọ́n á kírun àárọ̀ tán, wọ́n á ká tẹ̀sùbáà wọn sápò, wọ́n á sì di owó igbá sí etí aṣọ ìnujú ẹnì kọ̀ọ̀kan wa kí ó má baà sọnù lọ́nà. Bí a bá padà dé, wọ́n á bi wá pé kí ni oníwàásù sọ. Wọ́n á gbọ́ ọ tán, wọ́n á ní ohun tí lèmọ́mù sọ fún àwọn náà lọ́jọ́ Jímọ̀ kò yàtọ̀ sí i. N kò rántí ìgbà kankan tí ọ̀rọ̀ yìí rú wa lójú nígbà ọmọdé.

Lọ́sẹ̀ tí wọ́n kú, mo lọ bá olùṣọ́-àgùntàn ìjọ tí mo ń lọ nígbà náà, ìjọ àwa ọmọ Nàìjíríà kan tí n kò ní dárúkọ, mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ bá mi fi Ìyá Àgbà sínú àdúrà. Wọ́n bi mí pé, "Ṣé Màmá gba Jésù kí wọ́n tó lọ?" Mo ní, "Rárá, sà. Mùsùlùmí ni wọ́n." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Sístà, ẹ jẹ́ ká máa dúpẹ́ pé ẹ̀yin ti mọ̀ Ọ́n. Ní ti Màmá, ilẹ̀kùn ti tì."

Wọn kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkanra. Ohùn pẹ̀lẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́, bí ìgbà tí dókítà bá ń sọ fún ẹbí aláìsàn pé kò sí ohun tí ọwọ́ lè ṣe mọ́, mo sì mọ̀ pé òótọ́ inú wọn ni, nítorí pé bí ẹ̀kọ́ náà ti rí gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá tọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ibẹ̀ náà ni yóò já sí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ni pé ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ fojú ara mi rí ibi tí ọ̀nà tí mo ti ń tọ̀ láti kékeré já sí, ẹni tí wọ́n sì tì mọ́ta níbẹ̀ ni obìnrin tó ń di owó igbá sí etí aṣọ ìnujú mi.

N kò sá kúrò nínú Ìgbàgbọ́ lójijì. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan ládùúgbò mi, tí ìlànà ìsìn wọn jọ ti bàbá mi, orin wọn sì ń tù mí nínú. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo ìjọ bá dìde láti ka Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́, tí a bá dé ibi tí Olúwa yóò ti padà wá ṣe ìdájọ́ àwọn alààyè àti àwọn òkú, ahọ́n mi a kọ̀. Níbi "àti àwọn òkú" ni mo ti kọ́kọ́ ń dákẹ́. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ibi tí mo ti ń dákẹ́ ti pọ̀ ju ibi tí mo ti ń la ẹnu lọ, ó sì wá ń ṣe mí bíi pé irọ́ ni mo ń pa fún àwọn tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Èdè wa pàápàá kò ràn mí lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Onígbàgbọ́ ni Yorùbá ń pe Kristẹni, a sì ń pe ẹ̀sìn náà fúnra rẹ̀ ní Ìgbàgbọ́. Ẹni tó ń bọ Ṣàngó, oníṣàngó ni. Ẹni tó ń bọ Ọ̀ṣun, ọlọ́ṣun ni. Ẹni tó ń sin Ọlọ́run, nínú sísìn náà ni a ti fa ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn yọ. Kristẹni nìkan ni a fi ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ sọ lórúkọ, ẹni tí a wí fún tó gbà, tó sì gbọ́. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá sọ pé apá kan wà tí òun kò gbà mọ́, orúkọ tó ń jẹ́ gan-an ló ń bọ́ sílẹ̀ yẹn, kò sì sí orúkọ mìíràn tí a ti gbé kalẹ̀ dè é.

Mo jókòó sílé. Ẹni tó bá ti gbé òkè òkun rí nìkan ló mọ ohun tó túmọ̀ sí fún ọmọ Yorùbá láti má ní ìjọ. Kì í ṣe ìwàásù nìkan lo pàdánù. Nínú ìjọ ni o ti ń gbọ́ pé yàrá kan ṣófo níbì kan, ibẹ̀ ni o ti ń mọ ẹni tó ń kó èlùbọ́ àti ẹja gbígbẹ wá láti ilé, ibẹ̀ ni àwọn tí yóò dáná ìkómọjáde rẹ wà, àwọn náà ni yóò sì jókòó tì ọ́ bí wọ́n bá dá ọ dúró ní ilé ìwòsàn. Ìjọ ni ìlú wa níbẹ̀. Nígbà tí mo kúrò nínú rẹ̀, àwọn ènìyàn mi kò bá mi jà, wọn kò sì lé mi. Wọ́n kàn ń pè mí díẹ̀díẹ̀ títí tí wọn kò fi pè mí mọ́. Lẹ́yìn náà ni kòrónà dé ní ọdún 2020, mo sì dúró lẹ́bàá ibùsùn àwọn tó ń kú láìsí ẹbí wọn nítòsí. Mo ń gbé fóònù sí etí wọn kí àwọn ọmọ wọn lè kà Kùránì sí wọn létí, tàbí kí wọ́n kọ orin fún wọn, tàbí kí wọ́n kàn máa sunkún. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn tó tì yẹn kò fi mí sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà náà.

Bọ́ọ̀sì tí mo ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ máa ń kọjá níwájú ilé ìsìn kékeré kan tí wọ́n fi bíríkì pupa kọ́, tí pátákó iwájú rẹ̀ sì kéde pé ẹnikẹ́ni tó bá wá ni àwọn yóò gbà, ohunkóhun tó wù kí ó gbà gbọ́. Mo ti ka pátákó náà tó ìgbà ọgọ́rùn-ún, mo sì ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ọkàn mi, nítorí kò sí ìjọ tí kì í sọ pé gbogbo ènìyàn ni òun ń gbà. Inú yàrá kejì ni o ti ń mọ iye tí wọ́n ń gbà ní tòótọ́. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, bí mo ti ń bọ̀ láti iṣẹ́ alẹ́, mo sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì lábẹ́ kóòtù mi.

Màmá kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n fún mi ní ìwé orin, wọ́n bi mí ní orúkọ mi, wọ́n ní kí n tún un pè, wọ́n sì fi bírò kọ ọ́ sẹ́yìn ọwọ́ wọn bí wọ́n ti gbọ́ ọ kí wọ́n má baà ṣì í pè. Ìbéèrè tí wọ́n bi mí kò ju ìyẹn lọ. Mo ti múra sílẹ̀ fún "Ṣé ẹ ti di àtúnbí?" àti "Ìjọ wo lẹ ti ń bọ̀?", ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bi mí. Mo jókòó lẹ́yìn pátápátá, mo ka orí àwọn tó wà níbẹ̀: ènìyàn 14, àti ajá kan. Àga onígi lọ bẹẹrẹ láìsí ẹni tó jókòó sórí wọn, dùùrù ńlá kan sì wà lápá òsì tí aṣọ funfun bò mọ́lẹ̀.

Wọ́n tan iná sínú ife kan níwájú pẹpẹ láti fi bẹ̀rẹ̀ ìsìn. Lẹ́yìn náà ni mo mọ̀ pé ìjọ Unitarian ni wọ́n, pé ife oníná yìí ni àmì wọn káàkiri ayé, àti pé inú wàhálà ni wọ́n ti bí i. Ní ọdún 1941, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Hitler ń lé ènìyàn káàkiri ilẹ̀ Yúróòpù, àjọ kan tí àwọn Unitarian ará Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ń ran àwọn tó ń sá àsálà lọ́wọ́ láti ìlú Lisbon, wọ́n sì ní kí Hans Deutsch, ayàwòrán ọmọ Austria tí òun náà ti sá kúrò ní ìlú rẹ̀, ya àmì kan tí àwọn yóò máa fi sórí ìwé wọn. Ife tí iná ń jó nínú rẹ̀ ló yà. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́ pé ìwé ìrìnnà àwọn tí kò nílé ni àmì náà ti ṣẹ̀ wá, nítorí èmi náà mọ ohun tí ìwé ìrìnnà lè ṣe fún ènìyàn.

Wọ́n ka ẹsẹ Bíbélì kan, wọ́n ka ewì kan, àlùfáà wọn, tó jẹ́ obìnrin, sì sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Láti inú ìjọ tí wọ́n ti ń fi ohùn òkè gbàdúrà títí ògiri fi ń mì ni mo ti wá, mo kọ́kọ́ rò pé ẹnì kan ti gbàgbé iṣẹ́ tí wọ́n yàn fún un lórí ètò ìsìn ni. Ìṣẹ́jú kan, méjì, mẹ́ta. Nígbà tó di ìṣẹ́jú kẹrin ni mo rí i pé ìdákẹ́jẹ́ náà ni ètò, omi sì ti ń bọ́ lójú mi láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn mí lórí.

Ohun tó kàn ni àbẹ́là. Ẹni tí ó bá ní ìdùnnú tàbí ìbànújẹ́ kan a dìde, a tan àbẹ́là kékeré kan, a sọ ìdí tí òun fi tàn án, tàbí kí ó má sọ ọ́, a sì padà lọ jókòó. Ọkùnrin kan tàn án fún ọmọ-ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí fún un, obìnrin kan tàn án fún èsì àyẹ̀wò tí ó ń retí. N kò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń sọ pé ìyá mi àgbà kú ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, pé Mùsùlùmí ni wọ́n, àti pé láti ìgbà náà n kò rí ilé ìsìn tí mo ti lè dárúkọ wọn sókè. Mo dárúkọ wọn. Kò sí ẹni tó sọ nǹkan kan, nítorí àṣà ibẹ̀ ni pé a kì í fèsì sí ọ̀rọ̀ àbẹ́là; wọ́n kàn jẹ́ kí ó máa jó títí ìsìn fi parí. Àbẹ́là Ìyá Àgbà wà láàrin ti ọmọ tuntun àti ti èsì àyẹ̀wò.

Nídìí tíì àti bisikíìtì lẹ́yìn ìsìn ni mo ti bi màmá ẹnu ọ̀nà yẹn pé kí ni ẹ̀yin gbà gbọ́ gan-an. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn gba Ọlọ́run gbọ́, ṣùgbọ́n bàbá tó ń fọ ife lọ́hùn-ún, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, kò gbà pé Ọlọ́run wà. Ọkọ àlùfáà sì ń tẹ̀lé ẹ̀kọ́ Buddha. Mo ní báwo wá ni ẹ ṣe ń jọ́sìn pọ̀? Wọ́n ní, "A ti ń ṣe é láti ìgbà pípẹ́."

Ìgbà náà pẹ́ lóòótọ́, ẹ̀jẹ̀ sì wà nínú ìtàn rẹ̀. Orúkọ Unitarian wá láti inú jíjẹ́ ọ̀kan, nítorí àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kọ ẹ̀kọ́ Mẹ́talọ́kan, wọ́n ní Ọ̀kan ṣoṣo ni Ọlọ́run àti pé ènìyàn rere tí Ọlọ́run rán ni Jésù. (Bí Ìyá Àgbà bá wà láyé, wọn ìbá ní kí wọ́n kúkú wá kírun.) Nítorí irú ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n ṣe dáná sun Michael Servetus, ọmọ Spain tó kọ̀wé tako Mẹ́talọ́kan, láàyè ní Geneva ní ọdún 1553. Ní ọdún 1568, ní ìlú Torda ní Transylvania, tó wà ní Romania lónìí, ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ náà pàṣẹ pé kí oníwàásù kọ̀ọ̀kan máa wàásù bí òye rẹ̀ ti mọ, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ipá mú ìjọ kankan, nítorí ẹ̀bùn Ọlọ́run ni ìgbàgbọ́. Ferenc Dávid, oníwàásù tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, kú sẹ́wọ̀n ní ọdún 1579 lẹ́yìn tí ọba mìíràn jẹ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àlùfáà Áńgílíkà kan, Theophilus Lindsey, fi ipò rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ṣí ilé ìsìn Unitarian sí òpópónà Essex ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1774, nígbà tí òfin ṣì ka kíkọ Mẹ́talọ́kan sí ọ̀ràn. Ọdún 1813 ni wọ́n tó pa òfin náà rẹ́.

Mo tún ọdún yẹn kà lẹ́ẹ̀mejì. Nǹkan bí ọdún 1809 ni wọ́n bí Àjàyí Crowther ní Òṣogùn. Ìyẹn ni pé nígbà tí ọmọ tí yóò túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa ti ń rìn, tó ti ń sọ̀rọ̀, ní orílẹ̀-èdè tí àwọn míṣọ́nnárì ti wá bá wa, òfin ṣì lè mú ẹni tó bá sọ pé òun kò gba Mẹ́talọ́kan gbọ́. Ohun tí wọ́n gbé wá fún wa bí ẹni pé gbogbo Kristẹni ti gbà á láti ayébáyé láìjiyàn, ohun tí wọ́n ṣì ń bá ara wọn fà nílé ni. N kò sọ èyí láti fi bú Crowther, tí Bíbélì rẹ̀ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí mi. Mo kàn fẹ́ kí ẹnì kan ti sọ ọ́ fún mi nígbà tí mo wà lọ́mọ ogún ọdún.

Ọ̀rọ̀ àwọn Universalist ló tilẹ̀ kàn mí jù. Ìjọ mìíràn ni wọ́n jẹ́ níbẹ̀rẹ̀, wọ́n ṣọ̀kan pẹ̀lú àwọn Unitarian ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1961, ẹ̀kọ́ wọn kò sì ju pé ìfẹ́ Ọlọ́run yóò kó gbogbo ènìyàn wálé níkẹyìn, tí kò ní ku ẹnì kan síta. Àwàdà àtijọ́ kan wà láàrin wọn pé àwọn Universalist gbà pé Ọlọ́run dára ju ẹni tó lè sọ àwọn sínú iná lọ, àwọn Unitarian sì gbà pé àwọn dára ju ẹni tí Ọlọ́run lè sọ sínú iná lọ. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, apá àkọ́kọ́ yẹn ni mo ń rò.

Ọjọ́ tó mú mi dúró síbẹ̀ ni ọjọ́ ìsìn òdòdó, nínú oṣù Kẹfà ọdún tó tẹ̀lé e. Norbert Čapek ló dá ìsìn yìí sílẹ̀ ní Prague ní ọdún 1923. Kátólíìkì ni wọ́n bí i sí, ó di àlùfáà Onítẹ̀bọmi, ó tún kúrò níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó tẹ̀lé e jẹ́ ẹni tó ti bínú kúrò nínú ìjọ Kátólíìkì, tí wọn kò sì fẹ́ rí àkàrà àti wáìnì sójú mọ́, nítorí náà ó wá ohun tí àwọn náà lè jọ pín láìrántí ìjà. Ẹnì kọ̀ọ̀kan a mú òdòdó kan wá, gbogbo rẹ̀ a wọ inú ìkòkò kan, nígbà tí ìsìn bá sì parí, ẹnì kọ̀ọ̀kan a mú òdòdó tí ẹlòmíràn mú wá lọ sílé. Àwọn Gestapo, ọlọ́pàá abẹ́lẹ̀ Hitler, mú Čapek ní ọdún 1941, wọ́n sì pa á ní ọdún 1942. Ìyàwó rẹ̀, Maja, ti gbé ìsìn náà dé Amẹ́ríkà kí wọ́n tó pa ọkọ rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti tàn káàkiri.

Èmi kò ní ọgbà, n kò sì mọ orúkọ òdòdó àwọn òyìnbó. Ohun tí mo ní ni efinrin kan nínú ìkòkò lójú fèrèsé ilé ìdáná mi, tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi fi irúgbìn rẹ̀ ránṣẹ́, tó sì ti yọ òdòdó funfun wẹ́wẹ́ lórí. Mo gé ẹ̀ka kan níbẹ̀, mo fi bébà wé e, ojú sì ń tì mí bí mo ti ń kó o sáàrin àwọn òdòdó pupa àti olómi aró tí àwọn yòókù kó wá láti ọgbà wọn. Mo ń gbọ́ ohùn Ìyá Àgbà nínú mi pé kí ló dé tí wọ́n ń ja òdòdó tí a kò lè fi se ọbẹ̀. Bàbá awakọ̀ bọ́ọ̀sì, ẹni tí kò gba Ọlọ́run gbọ́, ni ó mú efinrin mi. Lọ́sẹ̀ kejì ó wá bá mi pé òun fi ọwọ́ ra á, gbogbo ilé òun sì ta sánsán, òun kò tíì gbọ́ irú òórùn bẹ́ẹ̀ rí; òun wá rì í sínú tíì. Mo ṣàlàyé fún un pé inú ọbẹ̀ ni à ń já a sí, a sì ń lo omi rẹ̀ fún inú rírun. Ó mú ìwé kékeré kan jáde nínú àpò, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti gé efinrin, mo máa ń mú díẹ̀ lọ fún un.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo rí ọ̀run lórí ilẹ̀ ayé. Orin wọn tẹ́ bí omi ọbẹ̀ tí kò ní iyọ̀. Kò sí ìlù, kò sí ẹni tó ń jó, àtẹ́wọ́ pípa sì jẹ́ ohun tí wọ́n ń wò mí fún. Arúgbó ló pọ̀ jù nínú wọn, mo ti bá wọn sin mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi ní ọdún 2022, ẹni mẹ́ta wá kí mi, wọ́n kọ́kọ́ pè lórí fóònù láti gba àyè, wọ́n gbé oúnjẹ wá, wọ́n sì lọ lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú kí wọ́n má baà dí mi lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ ìjọ mi àtijọ́ ni, àwọn ìyá ìjọ ì bá ti kún ilé, wọn ì bá ti gba ìdáná lọ́wọ́ mi, ẹnì kan ì bá sì sun ibẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó gbòòrò kò mú ọ̀yàyà wá dandan, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tó há kì í lé ọ̀yàyà lọ. Èyí ni mo fi ojú rí.

Wàhálà kejì rúni lójú ju ìyẹn lọ. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí ìjọ tí wọ́n ti wá ti ṣe léṣe débi pé bí wọ́n bá gbọ́ orúkọ Jésù, ara wọn a le. Èmi kò fi Jésù sílẹ̀. Mo ṣì ń kọ orin rẹ̀ bí mo bá ń fọ àwo, mo sì sọ fún wọn lọ́jọ́ kan pé bí ilé yìí bá gba ẹni tí kò ní Ọlọ́run, ó yẹ kí ó gba obìnrin tó ṣì ń pe Jésù. Wọ́n gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò rọ̀ wọ́n lọ́rùn.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ náà wà níbẹ̀. Egbert Ethelred Brown, ọmọ Jàmáíkà, ni wọ́n fi jẹ àlùfáà Unitarian ní ọdún 1912, ó sì dá ìjọ sílẹ̀ ní Harlem ní New York ní ọdún 1920. Àwọn olórí ìjọ ní Amẹ́ríkà kò fún un ní ìrànlọ́wọ́ tó tó, wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé àwọn àlùfáà ní ọdún 1929, ọdún 1935 ni wọ́n sì tó dá a padà. Àwọn tó kọ̀ láti ti ilẹ̀kùn ọ̀run mọ́ ẹnikẹ́ni mọ bí a ti ń ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo fi ọ̀sẹ̀ méjì jókòó sílé. Màmá ẹnu ọ̀nà pè mí, mo sì sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Wọn kò gbèjà ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní òótọ́ ni, wọ́n sì ní kí n wá kà á fún gbogbo ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀. Mo kà á.

Orúkọ ni màmá ẹnu ọ̀nà yìí máa ń fẹ́ kí n fi pe àwọn, bí gbogbo ìjọ ti ń ṣe. Mo ní ẹnu mi kò lè gbé e. Ènìyàn tó dàgbà ju ìyá mi lọ! Mama ni mo ń pè wọ́n, àwọn yòókù sì ti kọ́ ọ lẹ́nu mi.

Nínú ìwé ìròyìn àtijọ́ kan tí Mama kó fún mi ni mo ti ṣàdédé rí ọ̀rọ̀ Yorùbá láàrin ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì: Ìjọ Ìṣọ̀kan Gbogbo Ẹ̀dá. Mo pariwo. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, Adéníran Adédèjì Ìṣọ̀lá, tó ti jẹ́ ọmọ ìjọ Áńgílíkà, dá ìjọ Unitarian yìí sílẹ̀ ní Èkó kí àwọn ènìyàn lè máa fi èdè Yorùbá àti orin Yorùbá sin Ọlọ́run kan. A mọ ìtàn àwọn tó kúrò lọ́dọ̀ àwọn míṣọ́nnárì ní Èkó, àwọn tó dá ìjọ United Native African sílẹ̀ ní ọdún 1891 àti àwọn tó bínú jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì Breadfruit ní ọdún 1901, ṣùgbọ́n gbogbo àwọn yẹn gbé Mẹ́talọ́kan dání lọ. Ọkùnrin yìí gbé e kalẹ̀. Mo ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin ní Èkó kí n tó wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo sì ti ní láti wá dé Manchester kí n tó gbọ́ pé irú ilé bẹ́ẹ̀ wà ní ìlú tí mo ti ń wọ dánfó lójoojúmọ́. Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni orúkọ náà. Kò ní ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ nínú rárá. Ẹ̀dá ni wọ́n kọ síbẹ̀, mo sì mọ̀ pé ẹ̀dá ni Ìyá Àgbà.

Ó kù bàbá mi. Mo fi ọdún kan gbé ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún wọn. Nígbà tí ọdún Kérésìmesì 2022 sún mọ́lé, mo pè wọ́n, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ olùṣọ́-àgùntàn dé orí efinrin. Wọn kò já lù mí lẹ́nu.

"Ṣé wọ́n ń ka Bíbélì níbẹ̀?"

"Nígbà mìíràn, sà."

"Ṣé wọ́n ń gbàdúrà?"

"Wọ́n ń gbàdúrà, sà, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá fẹ́ a máa dákẹ́."

"Ṣé wọ́n mọ̀ nípa ìyá ìyá rẹ?"

"Wọ́n mọ̀, sà. Mo ti tan àbẹ́là fún wọn níbẹ̀."

Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Mo ń gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì. Wọ́n wá ní, "Àwọn ni wọ́n ra bàtà tí mo kọ́kọ́ fi tẹ dùùrù fún mi. O kò mọ ìyẹn." Mo ní n kò mọ̀ ọ́n, sà. Wọ́n tún dákẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n bèèrè pé, "Ta ló ń tẹ dùùrù yín níbẹ̀?"

"Kò sí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́, sà. Dùùrù náà ti bàjẹ́. Sípíkà ni wọ́n fi ń gbé orin jáde, a sì máa ń kọ orin tẹ̀lé e."

"Sípíkà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Àbẹ̀kẹ́, nínú gbogbo ohun tí o ti sọ láti àárọ̀, èyí nìkan ló bà mí nínú jẹ́." Wọ́n ní kí n ya fọ́tò dùùrù náà, inú rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀, kí n sì fi ránṣẹ́ sí àwọn lórí WhatsApp kí ilẹ̀ ọjọ́ Ìsinmi tó ṣú.